Kò Dìgbà Tí Ẹ Bá Dé Sweden Kí Ẹ Tó Gbé Àwọn Ọmọ Yín Jáde

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀, torí náà ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi í pamọ́ di alẹ́. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà gan-an la fẹ́ sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa nínú Olúwa, tó ń gbé ní Malmö ní ilẹ̀ Sweden pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta, fi fọ́tò ránṣẹ́ sí WhatsApp ìjọ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àgbà nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún méje. Àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọdún méjì. Wọ́n kó sínú mọ́tò wọn lóṣù kẹfà, wọ́n gba orí afárá Øresund kọjá sí Copenhagen ní Denmark, wọ́n padà, wọ́n sì kọrí sókè lọ sí Gothenburg, títí wọ́n fi dé Oslo ní Norway. Afárá yẹn, ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 8 lórí omi, ibi tó parí sí ni ọ̀nà ti rì wọ abẹ́ òkun lọ. Ẹ wò ó bí ọmọ ọdún méje ṣe máa lanu sílẹ̀! Ní Oslo, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, oòrùn ò tíì wọ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní sùn, wọ́n ní ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Fọ́tò náà dára, inú wa dùn sí i. Ohun tí àwọn ará wa kọ tẹ̀ lé e ló mú wa jókòó kọ èyí. "Ìpín tèmi náà nìyí." "Olúwa tó ṣe é fún un, ṣe é fún mi kí ọdún yìí tó parí." "Mo gbà á lórúkọ Jésù." Àmín pọ̀ bí òjò. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè bí wọ́n ṣe gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rin gbogbo ọ̀nà yẹn, tí ọmọ náà ṣì ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò tó kẹ́yìn.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má tọrọ ìrìn-àjò òkè òkun o. Ọlọ́run wa kì í ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe àmín yẹn ní mọ́tò nílé. Wọ́n ti gbé mọ́tò yẹn dé Abùjá, wọ́n ti gbé e dé Èkó, wọ́n ti fi lọ ayẹyẹ ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Wọ́n wà nílé lọ́dọ̀ màmá àgbà. Ẹni tó ń tọrọ Oslo, tí kò gbé ọmọ rẹ̀ dé Èsìẹ́ rí, Èsìẹ́ tó wà nítòsí wa báyìí, kí ló fẹ́ lọ fi Oslo ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìrìn-àjò tí àwa Ìgbómìnà ń bá àwọn ọmọ wa rìn. Ìsìnkú. Ìgbéyàwó. Kérésìmesì nílé bàbá. Ó parí. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí a torí ọmọ náà rìn. Ẹrù ni ọmọ nínú rẹ̀. A máa wọ aṣọ fún un, a máa tì í sẹ́yìn mọ́tò láàárín kúlà oúnjẹ àti àpò aṣọ ẹbí, a máa gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kó má baà dà wá láàmú. Bó bá béèrè nǹkan, "Dákẹ́, dádì ń wakọ̀." Láti Òmù-Àrán dé Òró, dé Àjàsẹ́-Ìpo, títí wọ Ìlọrin, ọmọ náà ò gbójú sókè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá wà nínú ìjọ wa tó mọ orúkọ gbogbo ajá inú kátúùnù, tí kò mọ ìlú tó tẹ̀ lé Òmù-Àrán.

Bẹ́ẹ̀ Mósè ti sọ fún àwọn òbí ní Deutarónómì orí kẹfà ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ọmọ. Ó dárúkọ ilé, ó sì dárúkọ ọ̀nà. Ẹ lọ kà á dáadáa. Lójú ọ̀nà, nígbà tí ẹ bá jọ ń rìn! Gbogbo wa ti sọ ẹ̀kọ́ ọmọ di ti Sunday School nìkan, a sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún fóònù. Jósẹ́fù àti Màríà pàápàá, ọdọọdún ni wọ́n ń gbéra lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá, Lúùkù orí kejì ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jésù pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n rin odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí láàárín ẹbí. Àwọn oníwàásù máa ń fi ibẹ̀ bá àwọn òbí méjèèjì wí. Àwa rí nǹkan mìíràn níbẹ̀: ìdílé tálákà ni wọ́n, ẹyẹlé ni wọ́n fi rúbọ nígbà tí wọ́n bí i, síbẹ̀ ìrìn-àjò wọn ọdọọdún kò yẹ̀.

Ẹni tí a fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Jákọ́bù, ní Jẹ́nẹ́sísì orí kẹtàlélọ́gbọ̀n. Ísọ̀ ní kí wọ́n jọ máa lọ. Jákọ́bù dá a lóhùn pé àwọn ọmọ òun ò tíì lágbára, pé bí òun bá lé wọn le, ohun búburú á ṣẹlẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n òun máa lọ níwájú, òun á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n ìrìn àwọn ọmọ. Ẹ rántí pé ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bá áńgẹ́lì jìjàkadì tán. Ó gbóná nínú ẹ̀mí ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Síbẹ̀ kò sọ pé "ẹ̀mí ń gbé mi lọ", kó wá máa lé ọmọ ní ìlékúlé. Ẹ̀yin bàbá tó ń fi ọmọ sẹ́yìn mọ́tò, tó ń sá 140 lójú ọ̀nà Ìlọrin torí pé ẹ fẹ́ bá ìpàdé, ṣé ẹ gbọ́?

Nígbà tí àwa kó àwọn ọmọ lọ sí Ìkògòsì ní Èkìtì ní ìsinmi gígùn èsì, ìwọ̀n ìrìn Jákọ́bù la lò. A dúró fún ìtọ̀. A dúró torí èébì. A tún dúró torí pé ọ̀kan rí màlúù. Ìrìn tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń fi ọwọ́ kan rìn, ó gba àárọ̀ wa tán. Nígbà tí a débẹ̀, a mú wọn lọ síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, wọ́n ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí, wọ́n ki ìkejì bọ tọ̀hún, wọ́n ń pariwo. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, wojú wa, ó ní, "Ta ló ń dáná sí i nísàlẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìrìn-àjò náà. Omi yẹn gbóná tó nǹkan bí 70°C níbi tó ti ń sun jáde, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ́ igi kan sí i. Nǹkan bí wákàtí kan la fi jókòó sórí òkúta tí à ń sọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá fún ọmọ tó bi wá léèrè fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọdé ẹ mọ̀ pé ọdún kan ò tó láti rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì. Àwọn ajíhìnrere Baptist ti mọ àǹfààní ibẹ̀ tipẹ́. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti kọ́ ibùdó ìpàgọ́ wọn síbẹ̀.

Ó kàn wá dé orí ọ̀rọ̀ tí àwọn kan máa bá wa bínú sí.

Àwọn ará wa máa ń sọ pé, "A ti fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọkọ̀." Àmín. Àwa náà ń fi bò ó. Lẹ́yìn tí ẹ bo ọkọ̀ tán, kí ló dé tí ọmọ ọdún mẹ́ta dúró sáàárín àga méjì iwájú, tó fi ọwọ́ di orí dádì mú? Kí ló dé tí ìyá jókòó síwájú pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀? Ọmọ tó wúwo tó kílò 10, bí mọ́tò tó ń sá 80 bá kọlu nǹkan, ó lè wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta mẹ́rin lọ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Kò sí ìyá tí apá rẹ̀ ká a. Ìfẹ́ kọ́ ni kò ní. Apá rẹ̀ ni kò gbé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé láàárín ọmọ ọdún 5 sí ẹni ọdún 29, ìjàǹbá ojú ọ̀nà ló ń pa wọ́n jù lọ ní gbogbo ayé. Kì í ṣe ibà o. Kì í ṣe àjẹ́ ilé bàbá.

A bi ọmọ wa tó wà ní Malmö léèrè bí wọ́n ṣe ṣe tiwọn. Ó ní àbíkẹ́yìn jókòó sínú àga tirẹ̀, tó dojú kọ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n sì fi bẹ́líìtì dè é. Ní Sweden, wọ́n máa ń gba òbí nímọ̀ràn pé kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin ó kéré tán, torí orí ọmọdé wúwo, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn yẹn gbọ́n jù wá. Wọ́n kàn jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ni. Nils Bohlin, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Volvo, ló ṣe bẹ́líìtì tó gba èjìká àti itan yìí jáde lọ́dún 1959, Volvo sì fi sílẹ̀ kí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò tó kù náà lè máa lò ó. Lọ́dún 1997, ilé aṣòfin wọn pinnu pé ibi tí àwọn ń lé ni kí ẹnikẹ́ni má kú lójú ọ̀nà mọ́. Ẹnikẹ́ni! Àwa tí a ń kọrin ìyè lójoojúmọ́ la wá ń sọ pé "ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀." (Apá òsì ni àwọn náà ń wà tẹ́lẹ̀ o. Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1967 ni wọ́n ṣí sọ́tùn-ún. Àwa ṣe tiwa ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Ẹ bi àwọn bàbá tó ti ń wakọ̀ nígbà náà, ẹ ó rẹ́rìn-ín.)

Ẹ̀yin tí kò ní mọ́tò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà á ní kí ẹ gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, inú yín á dùn pé ẹ ò san owó rẹ̀. Ẹ san owó àyè ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó jókòó tirẹ̀. Bí owó ò bá tó fún àyè mẹ́rin, ẹ dúró di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn èrò méjì tí wọ́n ń kó sí iwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín jẹ́ ọ̀kan nínú wọn láé. Àjọ Road Safety ti wà láti 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀, ó sì yẹ kó ti yé wa pé àwọn tó wọ aṣọ yẹn kì í ṣe ọ̀tá. Bẹ́líìtì kì í ṣe nǹkan tí a ń fà bọra nígbà tí a bá rí wọn lókèèrè, tí a sì ń tú nígbà tí a bá kọjá.

Arákùnrin kan sọ fún wa pé àìnígbàgbọ́ ni èyí. A ní kó ṣí Bíbélì rẹ̀. Ẹ́sírà orí kẹjọ: ojú ti Ẹ́sírà láti tọrọ ọmọ ogun lọ́wọ́ ọba, torí ó ti sọ fún ọba pé Ọlọ́run ń ṣọ́ àwọn tó wá a. Ó kéde ààwẹ̀ lẹ́bàá odò kí wọ́n lè rí ọ̀nà tó dára fún ara wọn, fún àwọn ọmọ wọn kéékèèké àti fún ẹrù wọn. Wọ́n sì dé láyọ̀. Nehemáyà orí kejì: òun rin ọ̀nà kan náà, ọba sì fi ọ̀gágun àti ẹlẹ́ṣin tẹ̀ lé e. Òun náà dé láyọ̀. Ọlọ́run kan náà ni. Kò sí ibi tí Bíbélì ti bá Nehemáyà wí pé ó mú ẹlẹ́ṣin dání. Ẹ kíyè sí i pé Ẹ́sírà tí kò gba ọmọ ogun, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó gbààwẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì dárúkọ àwọn ọmọdé nínú àdúrà rẹ̀. Èwo lẹ ṣe nínú méjèèjì? Ẹ ò gbààwẹ̀, ẹ ò de bẹ́líìtì, ẹ kàn na ọwọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣáná.

A ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà wa. Lóṣù kejì 2024, wọ́n wọ ààfin Kòrò, wọ́n pa ọba. Lóṣù kọkànlá 2025, wọ́n wọ ilé ìjọsìn CAC ní Erúkú nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn olùjọ́sìn lọ sínú igbó kí wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Ará wa ni wọ́n, ẹkùn wa ni. Torí náà nígbà tí ẹnì kan bá bi wá nípa ìsun omi Òwù ní Ọ̀wá-Kájọlà, èyí tó ń já láti orí àpáta gíga, tí ẹwà rẹ̀ ò sì ṣeé fẹnu sọ, ìdáhùn wa ni pé kí wọ́n má tíì gbé ọmọ lọ. Igbó tó wà níbẹ̀ dá jù. Ó dùn wá láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba Kwara gbọ́: kò yẹ kó jẹ́ pé ohun tí Ọlọ́run fi ta ilẹ̀ Ìgbómìnà lọ́rẹ, fóònù làwọn ọmọ Ìgbómìnà á ti máa wò ó. Fún àwọn ọ̀nà tó kù, ọ̀sán ni kí ẹ rìn, kí ẹ bi àwọn tó ń ná ọ̀nà náà léèrè, kí ẹ má sì gbé e sórí Facebook pé ẹ ń bọ̀ kí ẹ tó dé.

Èsìẹ́ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nígbà tí a ní kí àwọn ọmọ ìjọ lọ wo àwọn ère òkúta ibẹ̀, àwọn ìyá mẹ́ta wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. "Pásítọ̀, òrìṣà ni. Ẹ̀mí tó wà níbẹ̀ á tẹ̀ lé àwọn ọmọ wálé." A fi sùúrù gbọ́ wọn, torí òtítọ́ ni pé àwọn kan ti fi nǹkan bọ àwọn òkúta yẹn rí. Ṣùgbọ́n a ò gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Áténì, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún, ó rìn káàkiri, ó wo ohun tí wọ́n ń sìn dáadáa, ó tiẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹpẹ. Kò dì mọ́ ògiri kọjá. Nínú ohun tó rí ló ti rí ìwàásù.

Àwọn ère yẹn lé ní 800. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, wọ́n di irun tó dára, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Àwọn àgbà Èsìẹ́ ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. A ò gba ìtàn yẹn gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, a sì máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ pé ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ wọn: baba ńlá àwọn kan, nílẹ̀ wa níbí, jókòó pẹ̀lú irin-iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe nǹkan tí gbogbo ayé ń wá wò. Ẹni tó ròyìn wọn fún ayé lọ́dún 1933, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, òṣìṣẹ́ ìjọ ni: Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ CMS. Lọ́dún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ibẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ní Èkó, kò sí ní Ìbàdàn. Èsìẹ́ ló wà. Ẹ̀yin tó fẹ́ kí ọmọ yín ya fọ́tò ní Oslo, àwọn ará Oslo kò jẹ́ fi irú nǹkan báyìí sílẹ̀ láìwò.

Ní Jọ́ṣúà orí kẹrin, Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti inú Jọ́dánì kí àwọn ọmọ lè béèrè lọ́jọ́ iwájú pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òkúta Jọ́dánì kọ́ ni ti Èsìẹ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí òkúta kankan rí, kí ló máa béèrè? Ọjọ́ ọdún àwọn ère náà, a ò ní lọ. Ọjọ́ ìbọ ni, a ò sì ní ìpín níbẹ̀. Ọjọ́ tó kù, ilé ẹ̀kọ́ ni.

Owó ńkọ́? A mọ̀ pé epo tí kò tó 200 náírà nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ Èsìẹ́ kí á tó sọ Ìkògòsì, tí a sì ń sọ Ìkògòsì kí á tó sọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tí ẹ bá yẹra fún, ó tó. Ẹ ò nílò hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ò nílò aṣọ tuntun. Àwọn ọmọ Malmö yẹn pàápàá, búrẹ́dì tí ìyá wọn gbé láti ilé ni wọ́n ń jẹ lẹ́bàá ọ̀nà.

Nítorí náà, Sátidé kejì nínú oṣù kẹjọ, ẹ̀ka ọmọdé ń lọ sí Èsìẹ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ó gbéra níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ti padà kí aago mẹ́ta tó lù. Bọ́ọ̀sì méjì ni, ọmọ kan sí àga kan, a ò ní gba ẹnikẹ́ni lé e, ì báà jẹ́ ọmọ alàgbà. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá a wá. Bó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ bàbá. Àwọn ìyá mẹ́ta tó wá bá wa, a ti fi àyè yín sílẹ̀ níwájú, ẹ wá fi ojú ara yín wò ó. Orúkọ wà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka ọmọdé. Ẹ di ìpékeré àti omi fún wọn, ẹ fi ọ̀rá méjì sí i torí èébì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bà láàárọ̀ ọjọ́ náà.